Ìríwísí mi lórí rọ́bọ́ọ̀tì da Vinci: iṣẹ́ abẹ ilé ọmọ lára ẹlẹ́dẹ̀

Ẹ̀yin dókítà ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ń bèèrè nípa tréníìnì da Vinci, rọ́bọ́ọ̀tì tí dókítà ń darí láti fi ṣe iṣẹ́ abẹ, tá a ṣe l'Amẹ́ríkà níbí, bó ṣe rí rèé. Abo ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì, wọ́n ti fún un lóògùn oorun, dókítà ẹranko dúró tì í látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì ní jí mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, wọn ò fẹ́ kó jẹ̀rora. Ẹni tíyẹn bá bà lọ́kàn jẹ́, mi ò ní bá a jiyàn.

Ẹ ò ní dúró ti ẹran yẹn rárá o, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ máa jókòó sí, ojú yín nínú ibi àwòrán, ìka nínú ohun ìdarí, ẹsẹ̀ lórí pẹ́dà. Àwòrán yẹn, háà! Ó tóbi, ó jinlẹ̀, kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó kéré tẹ́ ò ní rí. Tọ́wọ́ yín bá ń gbọ̀n, ọwọ́ irin rọ́bọ́ọ̀tì yẹn ò ní gbọ̀n, ó sì ń yí ju ọrùn ọwọ́ wa lọ, ìdí nìyẹn tí rírán nǹkan fi dùn ún ṣe, ẹni tó ti fi irin laparoscopy (iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń gba ojú ihò kéékèèké ṣe) tí ò ṣeé tẹ̀ rán nǹkan ní ìsàlẹ̀ ikùn rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n Xi, irú da Vinci tá a lò, ò jẹ́ kọ́wọ́ mọ nǹkan lára. Ojú lẹ máa fi wo bí òwú ṣe le tó, tẹ́ ẹ bá fà á jù, ó já nìyẹn. da Vinci 5 tó jáde ní 2024 ti ní irinṣẹ́ tó ń jẹ́ kọ́wọ́ mọ̀ ọ́n.

Ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? Ilé ọmọ ẹ̀ ò jọ tèèyàn, ìwo gígùn méjì ni, ó lọ́ bí ìfun. Ó dáa fún kíkọ́ bí wọ́n ṣe ń rán túùbù tí ẹyin obìnrin ń gbà lọ sílé ọmọ, òun náà ni ọsibítù Cleveland Clinic l'Amẹ́ríkà gé tí wọ́n fi rọ́bọ́ọ̀tì míì tó ń jẹ́ Zeus rán padà nínú ìwádìí tó jáde ní 1998, kí FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn l'Amẹ́ríkà, tó fọwọ́ sí da Vinci fún iṣẹ́ abẹ obìnrin ní 2005. Àmọ́ yíyọ ilé ọmọ obìnrin tó kún fún fibroid, ẹlẹ́dẹ̀ ò lè kọ́ yín nìyẹn, pàápàá ibi tí túùbù ìtọ̀ ti gba abẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ kọjá. Ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ fi ju ìdánrawò orí kọ̀ǹpútà lọ ni pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lóòótọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ dá a dúró.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ lo ìdánrawò orí kọ̀ǹpútà títí ẹsẹ̀ yín á fi mọ pẹ́dà, torí kò yẹ kéèyàn máa fi ẹran tó ní ẹ̀mí kọ́ ìyẹn. Tí ọsibítù yín ò bá sì tíì ra ẹ̀rọ yìí, ẹ má wulẹ̀ lọ, ọwọ́ á ti gbàgbé kí wọ́n tó rà á.