Ajẹ́ńtì tí ó bá mi rí ilé tí ó gba ajá ní Ìkòròdú

Oṣù méjì gbáko ni mo fi wá ilé ní Ìkòròdú, láti Àgíríìkì títí dé Ìgbógbó, kí n tó pàdé ajẹ́ńtì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ilé wà, ajá mi ni àwọn onílé kò fẹ́. Ìyá onílé kan tilẹ̀ ti ń ka owó mi lọ́wọ́ nígbà tí ajá náà gbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ọkọ̀, ló bá kó owó padà fún mi.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára ajẹ́ńtì yìí ni pé, kí ó tó mú mi débi kankan, ó ti kọ́kọ́ sọ fún onílé pé mo ní ajá, ó sì ní kí n mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi rẹ̀ dání. Ilé oníyàrá kan tí ó rí fún mi lọ́nà Ìjẹ̀dẹ́ ní ọgbà tirẹ̀, géètì rẹ̀ sì kanlẹ̀ débi pé ajá kò lè rá kọjá lábẹ́ rẹ̀. A kọ ọ̀rọ̀ ajá sínú ìwé àdéhùn.

Owó ni àléébù ajẹ́ńtì náà. Ó ní kí n san ti ọdún méjì, bẹ́ẹ̀ òfin ilé gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò fàyè gba kí onílé béèrè ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Nígbà tí mo rán an létí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òfin kò mọ ajá. Ṣùgbọ́n ti ọdún kan náà ni mo san.