Àwọn mọlémọlé alámọ̀ Àjàṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́

Bí ẹ bá fẹ́ tún ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ alámọ̀ tó ti dahoro ṣe, àwọn mọlémọlé tó ń fi amọ̀ tún ilé àwọn Àgùdà (àwọn tó padà dé láti Brazil) ṣe l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) ni kí ẹ gbé e fún. Òrùlé ni wọ́n kọ́kọ́ ń dí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ha sìmẹ́ńtì ara ògiri kúrò, torí kì í jẹ́ kí omi inú amọ̀ ráyè jáde. Ẹ fìka kan sìmẹ́ńtì náà: bó bá dún bí àgbá òfìfo, ó ṣeé ṣe kí amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti di lẹ́búlẹ́bú. Ohun tí wọ́n á pò láti fi rẹ́ ògiri náà padà ni: garawa amọ̀ 1, yanrìn 2, àti koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ wọn dára gan-an.

Àléébù wọn: wọ́n lè má gbẹ́ gọ́tà, òjò á sì máa jẹ ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ bá wọn ṣàdéhùn gọ́tà náà ṣáájú. Bí ẹni tó máa lo ilé náà kò bá tíì dájú, ẹ má tíì ra ilẹ̀kùn.