Dídín ìsanra kù: kíákíá ni àbí díẹ̀díẹ̀?

Ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹun mọ́ nítorí àtifọn máa rí àyípadà lórí òṣùwọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Inú ẹ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó kọ́kọ́ lọ yẹn, kì í ṣe ọ̀rá. Tó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, iṣan ara á máa bá ọ̀rá lọ, òkúta lè dì sínú àpò òróòro, ọjọ́ tó bá sì padà sídìí oúnjẹ, ohun tó lọ lè padà wálé tèlé-tèlé.

Ọ̀nà kejì ò wuyì létí: ká yọ bíi kálórì 500 (kálórì ni ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara) kúrò nínú oúnjẹ òòjọ́, ká máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Bí ìdajì kílò ló sábà máa ń lọ lọ́sẹ̀ kan. Òṣùwọ̀n tiẹ̀ lè dúró gbagidi nígbà míì. Mi ò sì gbà pé ìrìn nìkan tó o: ìṣẹ́jú 30 yẹn lè má jó ju kálórì 150 lọ, ìpápánu kékeré kan ti dá a padà. Oúnjẹ ló ń mú ìsanra lọ jù, eré ìdárayá ni kì í jẹ́ kó tètè padà.

Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ ní láti rí dókítà kó tó dín oúnjẹ kù.