Kí lẹ máa fi di ẹ̀rọ kí ẹ tó gbé e dé gáréèjì? Ọ̀rá bubble, fóòmù, páálí àti àpótí pákó

Ẹ̀rọ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ láti gáréèjì Ìwó Road tàbí Challenge n'Íbàdàn, kì í ṣe jíjábọ́ nìkan ló ń bà á jẹ́. Rírìn tó ń rìn nínú páálí wà níbẹ̀: kòtò kan, ẹ̀rọ á fò sókè, kòtò mìíràn, á fi igun gbá páálí, bẹ́ẹ̀ ni títí dé Èkó. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ wá ohun ìdìpọ̀ tó nípọn jù. Èyí tí ìwúwo ẹ̀rọ yín kò ní tẹ̀ rẹ́, tí kò sì ní jẹ́ kó rìn, ni kí ẹ wá.

Ọ̀rá bubble tàbí fóòmù bẹ́ẹ̀dì?

Ọ̀rá bubble, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń tẹ̀ kó dún pọ́, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ilé afẹ́fẹ́ ti kékeré fẹ̀ tó nǹkan bíi 10 mm, ti ńlá tó 25 mm. Kékeré ni kí ẹ fi wé fóònù, hard disk àti laptop ní ìpele mẹ́ta, kí ibi tó wú kọjú sínú. Ńlá wà fún dídí àyè tó bá ṣófo. Ẹ má fi èyíkéyìí nínú wọn gbé UPS, ẹ̀rọ tó máa ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ. Bátìrì inú UPS wúwo, á fọ́ ilé afẹ́fẹ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà, ọ̀rá pẹlẹbẹ ni wọ́n á bá lábẹ́ rẹ̀ níbi tó ń lọ.

Àjákù fóòmù tí àwọn tó ń ṣe àga ń tà kò wọ́n, ó sì máa ń tan èèyàn jẹ nítorí pé ó ga. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí ìka yín bá kan tábìlì wẹ́rẹ́, ohun tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì máa ṣe fún un nìyẹn: á tẹ̀ ẹ́ pa, á sì gbá ìsàlẹ̀ páálí bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Módẹ́ẹ̀mù tàbí fóònù ni irú rẹ̀ lè gbé. Fún ẹrù tó wúwo, ẹ wá fóòmù pẹlẹbẹ funfun tó máa ń yọ̀ lọ́wọ́, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí yóò padà sí bó ṣe wà. Tiwa ni pé: ọ̀rá bubble fún laptop; fóòmù tó ń padà yìí fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, UPS àti printer. Kí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó wọ páálí, ẹ yọ graphics card, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán jáde, kúrò, nítorí ìwúwo rẹ̀ lè fa ojú ihò tí wọ́n fi í sí ya.

Fóòmù funfun tó ń rún

Bí nǹkan bá gbá ẹrù gidi, ó dára púpọ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Ibi tó bá ti tẹ̀ kì í padà. Bí ẹ bá ṣì ní èyí tó bá ẹ̀rọ náà wá, tí kò sán, kò sí ohun tí ẹ máa rà tó máa jù ú lọ. Àmọ́ èyí tó ti fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sínú páálí. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, á sì wọ inú fáànù.

Ìwé ìròyìn? Kò burú láti fi dí òkè páálí ẹrù tó fúyẹ́. Lábẹ́ ẹ̀rọ, ó máa ń pẹlẹbẹ kó tó di pé ẹ kọjá Ìbàdàn.

Páálí

Ẹ wo etí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e. Ìlà wíwọ́ ẹyọ kan láàárín ìwé méjì, ìpele kan nìyẹn, nǹkan bíi 3 sí 4 mm. Ìlà wíwọ́ méjì tí ìwé là láàárín, ìpele méjì ni, bíi 6 sí 7 mm. Ìpele kan tó laptop. Ẹrù tó bá ju kìlógíráàmù mẹ́wàá lọ, ìpele méjì ni kí ẹ rà. Páálí tí òjò ti pa rí, bó ti wù kó gbẹ tó, ẹ fi sílẹ̀: gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ti tú, igun rẹ̀ á wó nígbà tí wọ́n bá gbé àpò gàrí lé e.

Ẹ má sì ra èyí tó bá ẹ̀rọ mu gẹ́lẹ́. Ó yẹ kí àyè 5 cm wà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ohun ìdìpọ̀ kún un. Sẹ́lótéèpù fífẹ̀ 48 mm ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́: ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan ní etí kọ̀ọ̀kan, lókè àti nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé páálí sétí kí ẹ mì í. Bí ẹ bá gbọ́ ohunkóhun, ẹ tú u.

Ọ̀rá píǹkì tàbí ọ̀rá fàdákà?

Iná tó máa ń ta èèyàn lára nígbà ọyẹ́ tá a bá bọ́ súwẹ́tà, kó tó ta wá débi tá a ó fi mọ̀ ọ́n, ó ti tó nǹkan bíi 3,000 volt. Àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ kan wà tí 100 volt ti lè bà jẹ́, láìsí èéfín, láìsí ariwo. Ọ̀rá bubble tí kò láwọ̀ máa ń fa iná yìí. Ti píǹkì kì í fà á, àmọ́ kò lè dá èyí tó bá ti ìta wá dúró. Ọ̀rá fàdákà tó ń dán ló ń ṣe méjèèjì, bí kò bá ti lu, tí ẹnu rẹ̀ sì wà ní dídé. Ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà tó wà lásán, bíi RAM àti motherboard, ló nílò rẹ̀; laptop tó pé kò nílò rẹ̀. Ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Queen Cinema kí ẹ tó fowó rà á.

Àpótí pákó

Tẹlifíṣọ̀n ńlá àti inverter ló tọ́ sí. Pákó ń gba ẹrù tí wọ́n bá tò lé e, àmọ́ kì í dín mímì kù, nítorí náà fóòmù ṣì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ fọwọ́ pa inú rẹ̀ yí ká bóyá ẹnu ìṣó yọ. Bó bá jẹ́ òkè òkun ló ń lọ, wọ́n á béèrè òǹtẹ̀ ISPM 15 lára pákó, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ nítorí kòkòrò. Bó bá jẹ́ ooru ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀, inú pákó gbọ́dọ̀ gbóná dé 56°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Plywood kò nílò òǹtẹ̀ yẹn, òun ni kí ẹ ní kí káfíńtà lò.

Ìdúró ni kí tẹlifíṣọ̀n rìn, kò gbọ́dọ̀ sùn. Ẹ fa ọfà tó kọjú sókè sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ bá kọ nǹkan sí ni wọ́n máa yí sí ara ọkọ̀.