DOCAT àbí Compendium: èwo ni kẹ́ ẹ rà lórí ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà nípa ọ̀rọ̀ àwùjọ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mọ ohun tí Ìjọ Àgùdà ń kọ́ni gan-an nípa owó iṣẹ́, ilẹ̀, ìjọba àti ẹ̀tọ́ tálákà, tẹ́ ẹ wá ń rò ó pé DOCAT lẹ máa rà ni àbí Compendium, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ tó nawó o, torí iṣẹ́ ìwé méjèèjì ò jọra rárá.

Compendium (Compendium of the Social Doctrine of the Church lorúkọ ẹ̀ lódindi) ló ti pẹ́ jù, 2004 ló jáde, ìgbìmọ̀ Vatican tó ń rí sí ìdájọ́ òdodo àti àlàáfíà nígbà yẹn ló ṣe é. Ìpínrọ̀ 583 ló wà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì le díẹ̀, kì í ṣe ìwé téèyàn ń kà lọ geere. Ibi tó ti dáa ni atọ́ka ẹ̀yìn ìwé: tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí Ìjọ sọ nípa ìyanṣẹ́lódì tàbí owó orí, ẹ wá a níbẹ̀, á gbé yín dé ìpínrọ̀ tó wà, ẹ máa tún rí lẹ́tà póòpù tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà. Katikísìtì, olùkọ́, adarí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ìwé tiyín nìyẹn.

DOCAT ní tiẹ̀, 2016 ló jáde, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, ìbéèrè àti ìdáhùn ni, fọ́tò pọ̀ níbẹ̀, Póòpù Francis ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ó rọrùn kà. Àléébù ẹ̀ lójú tèmi ni pé ó máa ń sọ ibi tí Ìjọ dúró sí àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ tú àlàyé ẹ̀ palẹ̀, tẹ́nì kan bá wá ń bá yín jiyàn, ìdáhùn kúkúrú yẹn ò ní tó. Laudato Si', lẹ́tà tí Póòpù Francis kọ nípa àyíká ní 2015, wà nínú ẹ̀, Compendium ò ní in, Fratelli Tutti, lẹ́tà tó kọ nípa ìfẹ́ ará ní 2020, ò sì sí nínú èyíkéyìí.

Ní tèmi o, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Àwọn lẹ́tà póòpù fúnra wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì Vatican. Ẹ kọ́kọ́ ka Rerum Novarum tí Leo Kẹtàlá kọ ní 1891, kò gùn. Ó sọ níbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ tó gba owó tí ò lè bọ́ ọ torí pé kò rọ́gbọ́n ẹ̀ dá, wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ nìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó gbà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ara ẹ̀. 1891 o! Ó gbèjà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó sì tún gbèjà ẹni tó ní ohun ìní. Lẹ́yìn náà, ẹ ka Populorum Progressio ti Paul Kẹfà, 1967, níbi tó ti ń ṣàlàyé bí owó ohun ọ̀gbìn tí àwọn orílẹ̀-èdè tálákà ń tà ṣe máa ń lọ sókè sódò nígbà tí ọjà ilé iṣẹ́ àwọn olówó ń wọ́n sí i, ẹni tó bá dàgbà nílé oníkòkó ò nílò olùtumọ̀ fún ìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ti ka lẹ́tà méjèèjì, ẹ máa mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ lẹ fẹ́ rà á fún, ẹ dáwó jọ ra Compendium kan sílẹ̀ ní páríìṣì kí gbogbo yín máa yẹ̀ ẹ́ wò, DOCAT ni kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀.