Sìpíkà méjì, soundbar tàbí rìsífà 5.1: èwo ni kí ẹ rà?

Ohùn fíìmù 5.1 pín sí ọ̀nà mẹ́fà: òsì, ọ̀tún, àárín iwájú, ẹ̀gbẹ́ òsì àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wa, àti ọ̀kan tó jẹ́ ti bèèsì nìkan. Òun ni “.1” yẹn. Bó bá wá jẹ́ pé sìpíkà méjì péré lẹ ní ńkọ́? Ibo ni ọ̀nà mẹ́rin yòókù ń gbà? Ìbéèrè tí mo fi ń yan ẹ̀rọ nìyẹn. N kì í kọ́kọ́ wo iye sìpíkà tí wọ́n kọ sára páálí.

Sìpíkà méjì

Èyí ló rọrùn jù láti tò, àwọn èèyàn sì ń fojú di í láìyẹ. Bí tẹlifíṣọ̀n tàbí àmpù bá mọ̀ pé méjì ló wà, á po ọ̀nà yòókù mọ́ wọn. Ìlànà BS.775 ti ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀, ṣàlàyé bó ṣe yẹ kó rí: a ó fi desibẹ́ẹ̀lì 3 dín agbára ohùn àárín kù, a ó sì fi í sí òsì àti ọ̀tún bákan náà. Ohùn ẹ̀gbẹ́ òsì á lọ sí òsì, ti ọ̀tún á lọ sí ọ̀tún, pẹ̀lú ìdínkù kan náà. Ọ̀nà bèèsì ní tirẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ṣe ni wọ́n ń yọ ọ́ kúrò.

Ti àárín yẹn ló jẹ mí lógún jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré máa ń wà. Mo ti jókòó wo fíìmù kan rí tí mò ń gbọ́ orin, tí mò ń gbọ́ ìró bàtà, àmọ́ tí ẹnu òṣèré kàn ń mì lásán. Mo rò pé fíìmù náà ló bàjẹ́. Àṣé èmi ni mo sọ fún kọ̀ǹpútà pé ètò 5.1 ni mo ní, bẹ́ẹ̀ méjì ni mo so mọ́ ọn. Ó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí sìpíkà tí kò sí. Bí mo ṣe yí i sí stereo báyìí, ọ̀rọ̀ dé.

Ẹni tó bá jókòó sáàárín sìpíkà méjèèjì á gbọ́ ọ̀rọ̀ bíi pé ojú tẹlifíṣọ̀n gan-an ló ti ń jáde. Ẹni tó jókòó sápá kan kò ní gbádùn ìyẹn: ohùn á fà sọ́dọ̀ sìpíkà tó sún mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ sábà máa ń wòran, ẹ ra sìpíkà méjì tó dáa, kó tán síbẹ̀.

Soundbar

Èyí ni ẹ̀rọ gbọọrọ kan tó kó sìpíkà mélòó kan sínú, tí wọ́n ń gbé sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ dáadáa. 2.1 kò ní sìpíkà àárín, 3.1 ní in. Fún ilé tí èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ti máa ń jókòó káàkiri yàrá, 3.1 ni mo máa mú ṣáájú 2.1 èyíkéyìí, bó ti wù kí bèèsì ìyẹn lágbára tó.

Àwọn soundbar kan ń ju ohùn lu ògiri àti àjà kó lè dà bíi pé ẹ̀yìn tàbí òkè ló ti ń bọ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ bí ògiri bá wà lápá méjèèjì, tí àjà sì tẹ́jú. Níbi tí apá kan yàrá bá ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí ohun tí ohùn fẹ́ lù padà.

Rìsífà pẹ̀lú sìpíkà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Rìsífà ni àmpù tó ń gba ohùn wọlé, tó sì ń pín in fún sìpíkà kọ̀ọ̀kan. Wáyà pọ̀, àtòpọ̀ rẹ̀ ń gba sùúrù, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń gbọ́ràn sí ẹni lẹ́nu tó o. Ẹ lè sọ fún un pé kò sí sìpíkà àárín, kẹ́ ẹ fi “None” síbẹ̀, á pín ọ̀rọ̀ sí òsì àti ọ̀tún. Kò sí wúfà, ìyẹn sìpíkà bèèsì? Ẹ sọ ọ́, á gbé bèèsì fún àwọn ńlá iwájú. Bí tiyín bá kéré, ẹ yan “Small”, kí ìró bèèsì tó wà nísàlẹ̀ Hz 80 lọ sọ́dọ̀ wúfà. Ó tún ń wo bí sìpíkà kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí yín. Ohùn ń rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Bí ọ̀kan bá fi mítà kan sún mọ́ yín ju èkejì lọ, rìsífà á dá tiẹ̀ dúró díẹ̀ kí méjèèjì lè dé etí pọ̀.

Ẹ má gbé ti ẹ̀gbẹ́ sẹ́yìn orí yín gbọnrangandan. Bẹ́ ẹ bá ka ọ̀gangan iwájú yín sí òdo, nǹkan bíi dígírì 110 ni ITU ní kó wà, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó fà sẹ́yìn díẹ̀.

7.1 ńkọ́? Bí àga yín bá fara ti ògiri ẹ̀yìn, kò sáyè fún sìpíkà méjì tó lé. Ẹ fi í sílẹ̀.

Dolby Atmos

Ètò ohùn fíìmù yìí dé sílé sinimá lọ́dún 2012, ó sì yàtọ̀ gan-an. Yàtọ̀ sí ọ̀nà ohùn, ó tún máa ń kọ ibi tí ìró kọ̀ọ̀kan wà nínú afẹ́fẹ́ sínú fáìlì. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ní ló máa ṣírò sìpíkà tó yẹ kó gbé e, yálà mẹ́ta ni tàbí mọ́kànlá. Nínú 5.1.2, “2” ìgbẹ̀yìn ni sìpíkà òkè.

Wáyà lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ o. Wáyà optical, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn, kò lè gbé Atmos, 5.1 tí wọ́n fún pọ̀ ló mọ. HDMI ARC, ojú HDMI tí tẹlifíṣọ̀n fi ń dá ohùn padà sí soundbar tàbí rìsífà, lè gbé Atmos tó wà nínú ohùn tí wọ́n fún pọ̀ tó ń jẹ́ Dolby Digital Plus, irú èyí tó ń wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún TrueHD, ohùn Dolby tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ inú díìsìkì Blu-ray, bó bá ń gba inú tẹlifíṣọ̀n kọjá, eARC (ARC tó lágbára jù) lẹ nílò, lára tẹlifíṣọ̀n àti lára ẹ̀rọ ohùn. Àwọn tẹlifíṣọ̀n kan kì í jẹ́ kí DTS, ètò ohùn míì tó ń bá Dolby díje, kọjá rárá, nítorí náà ẹ ka ìwé tiyín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Kẹ́ ẹ tó gbé e, ẹ ní kí wọ́n fi fáìlì ìdánwò 5.1 sí i, èyí tó ń pe orúkọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bó bá pe àárín tẹ́ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ ní kí wọ́n ṣí Settings, kẹ́ ẹ wo iye sìpíkà tí ẹ̀rọ náà gbà pé òun ní.