Ilẹ̀ Òkè, Ilẹ̀ Oníyanrìn àbí Àkùrọ̀: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Oko?

Ejẹ́ǹtì á sọ orúkọ ìlú, á sọ iye éékà, á ní títì ò jìnnà. Á tún fi fọ́tò ránṣẹ́, ilẹ̀ dúdú minimini lẹ́yìn òjò. Ohun tí kò ní sọ ni ibi tí ilẹ̀ náà wà lára òkè: ṣé téńté ni, ṣé ibi tó ti ń dà gẹ̀rẹ́ ni, àbí etí odò. Bẹ́ẹ̀, láti Ìbàdàn lọ sí Ìwó, dé Ifẹ̀, títí wọ Oǹdó, èyí ló ń pinnu irú ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ sanwó fún, ju orúkọ ìlú lọ. Éékà mẹ́wàá péré lè ní irú ilẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò jọra rárá nínú.

Ẹ ó máa gbọ́ àwọn orúkọ kan lẹ́nu àwọn ará Moor Plantation, ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, àti àwọn olùkọ́ ẹ̀ka ọ̀gbìn: “ilẹ̀ Ìwó”, “ilẹ̀ Àpòmù”, “ilẹ̀ Ẹgbẹ́dá”. Àwọn oníṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ayé àtijọ́ ló rin ilẹ̀ yìí já, tí wọ́n ń gbẹ́ kòtò káàkiri, tí wọ́n sì ń fi orúkọ ìlú tàbí abúlé pe irú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, Smyth àti Montgomery, ló kó iṣẹ́ náà jọ, ìjọba sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1962. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní ilẹ̀ Ìwó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò ṣìsọ. Irú ilẹ̀ ló ń dárúkọ, kì í ṣe àdírẹ́sì.

Ìwó lókè, Àpòmù nísàlẹ̀

Àwọn méjì yìí ló máa ń da olùrà láàmú jù, torí ojú wọn jọra: erùpẹ̀ dúdú díẹ̀, iyanrìn díẹ̀, koríko lórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ kòtò tó mu ènìyàn dé ìbàdí. Lórí òkè, ọkọ́ á kọ́kọ́ wọlé wẹ́rẹ́. Kí ó tó dé orúnkún, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró irin lára òkúta: ọta funfun wẹ́wẹ́ tó mú etí, pẹ̀lú kóró yangí pupa tó tó ẹ̀wà. Ẹ gba ibẹ̀ kọjá, ẹ ó kan amọ̀ pupa. Ẹ mú un, ẹ fi omi rin ín, ẹ yí i láàrin àtàǹpàkò àti ìka: ó máa ń gùn kó tó já. Nísàlẹ̀ pátápátá, amọ̀ yẹn á ní àbàwọ́n funfun àti pupa rúsúrúsú. Akọ òkúta tó ń jẹrà nìyẹn, ìyá tó bí ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ Ìwó nìyí.

Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí òkè ti fẹ́ parí, kí ẹ gbẹ́ òmíràn. Iyanrìn ni, ó láwọ̀ ilẹ̀ tó pò mọ́ eérú, ẹ sì lè gbẹ́ ẹ tó mítà kan láìkan òkúta. Ẹ fi omi rin ín, kò ní ṣeé yí. Ó ń tú dànù ni. Òjò ọjọ́ pípẹ́ ló ń fọ iyanrìn yìí wálẹ̀ láti òkè. Èyí ni ilẹ̀ Àpòmù.

Iṣu tó bá kan òkúta máa ń lọ́, tàbí kó pín sí méjì, ọjà kì í sì í fẹ́ irú rẹ̀. Orí Àpòmù, iṣu á tọ́ gbọnrangandan, ẹ̀gẹ́ á ṣeé fà láìṣẹ́, ẹ̀pà ò ní kú sínú ilẹ̀. Iṣẹ́ ebè kíkọ náà rọrùn, owó alágbàṣe á dín. Àmọ́ iyanrìn ò mú omi, kò sì mú ajílẹ̀. Ìbàdàn ń rí bíi 1,250 mílímítà òjò lọ́dún, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń pín in: àkọ́kọ́ láti oṣù kẹta tàbí ìkẹrin sí ìkeje, ìkejì ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Láàrin wọn, òjò máa ń dá nínú oṣù kẹjọ. Bó bá dá tó ọ̀sẹ̀ méjì, àgbàdo orí Àpòmù á ti ká ewé jọ. Ti orí Ìwó ṣì lè dúró, bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti gba àárín òkúta kọjá bá omi tó wà nínú amọ̀. Bákan náà, ajílẹ̀ tí ẹ bá dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sórí iyanrìn, òjò ńlá kan péré lè fọ púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kí ẹ dà á.

Tó bá jẹ́ igi ni ẹ fẹ́ gbìn, kòkó, ọsàn tàbí ọ̀pẹ, òkè ni mo máa yàn. Tó bá jẹ́ ẹ̀gẹ́ tàbí iṣu, mo máa gba ìsàlẹ̀ láìjanpata. Ṣùgbọ́n Ìwó náà ju orí kan lọ. Ibi tí òkúta ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n. Tó bá jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà, ilẹ̀ gidi nìyẹn. Tó bá jẹ́ 20, ẹ dín owó rẹ̀ kù tàbí kí ẹ máa lọ. Kòkó ń fẹ́ ilẹ̀ tí gbòǹgbò ìdí rẹ̀ lè rìn nínú rẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀.

Ohun kan tún wà tó burú ju òkúta wẹ́wẹ́ lọ: pẹpẹ yangí. Ó sábà máa ń wà níbi tí òkè ti yí padà wọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ ó sọ dígà mọ́ ọn, dígà á ta padà. Omi ò gba ibẹ̀ kọjá, gbòǹgbò ò gba ibẹ̀ kọjá. Ilé ló dáa fún. Ẹ má gbin igi síbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ilẹ̀ tí wọ́n ti bá yín “tọ́jú”

Amọ̀ àwọn ilẹ̀ yìí kì í di oúnjẹ irúgbìn mú púpọ̀. Inú ìlẹ̀dú òkè, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sísàlẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ọrá wọn wà, níbi tí ewé ti ń jẹrà. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ tó mọ́ tónítóní máa ń yá tà, ni wọ́n bá pe katapílà kó wá ro ó. Katapílà á hú igi, á sì ha ìlẹ̀dú náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ oko. Ohun tó kù fún yín ni iyanrìn àti òkúta. Àwọn onímọ̀ IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn, fi oko wéra lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí wọ́n fi àdá ro àti èyí tí ẹ̀rọ ńlá ro. Ọ̀gbàrá gbé erùpẹ̀ ìkejì lọ ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Igbó tó ṣì dúró ni mo máa rà, kí n san owó ìro fúnra mi.

Koríko náà ń sọ̀rọ̀. Bí ewé Akíntọ́lá bá bo ibẹ̀ bámúbámú, ilẹ̀ ti ń sinmi, ọrá ti ń padà. Bó bá jẹ́ èkan ló gbalẹ̀, wọ́n ti dáko níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣá, iná ọdọọdún sì ti jó o.

Àkùrọ̀

Ọ̀pọ̀ olùrà ń sá fún àkùrọ̀, èmi ò sì mọ̀dí rẹ̀. Bí mo bá lówó éékà méjì péré, àkùrọ̀ ni mo máa fi rà. Láti oṣù kọkànlá sí ìkẹta, nígbà tí òkè ti gbẹ, àkùrọ̀ ṣì ń mu ewédú, tẹ̀tẹ̀, ilá àti àgbàdo tútù jáde, àsìkò náà gan-an ni ọjà wọn ń wọ́n. Nígbà òjò, ìrẹsì lè wà níbẹ̀, tàbí kókò. Kòkó ò gbọdọ̀ débẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ á rà sínú omi.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sábà máa ń mú olùrà lọ wò ó, tó bá ti gbẹ tó sì jọ ilẹ̀ gidi. Ẹ gbẹ́ ẹ wò. Bí erùpẹ̀ bá láwọ̀ eérú tó ní àbàwọ́n bí irin tó dípẹtà, omi máa ń dúró dé ibi tí àbàwọ́n yẹn bá ga dé. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọwọ́ kan sí ojú ilẹ̀, ẹ mọ̀ pé odò á wọ oko ní oṣù kẹsàn-án. Bó bá jìn tó orúnkún, àkùrọ̀ tó dáa nìyẹn. Ẹ má gbà kí wọ́n tà á fún yín ní iye kan náà pẹ̀lú òkè lórúkọ pé “éékà ni éékà”.

Òkúta tó bí i, òjò tó ń rọ̀ sí i

Níbi tí òkúta abẹ́ ilẹ̀ bá kúnná ju ti Ìwó lọ, ilẹ̀ Ẹgbẹ́dá ni ẹ máa bá. Amọ̀ rẹ̀ pọ̀ sí i, ó ń mú omi ju Ìwó lọ, kòkó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìtàgùnmọ́dì lẹ́bàá Iléṣà tún ju ìyẹn lọ: amọ̀ pupa jíjìn, òkúta ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn awakùsà wúrà wà lágbègbè yẹn, nítorí náà ẹ rin gbogbo ilẹ̀ náà já kí ẹ tó sanwó, kí ẹ má baà ra kòtò. Ìkẹnnẹ́ àti apá kan Ìjẹ̀bú ní ilẹ̀ pupa jíjìn tí kò lókùúta, katakata ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ òjò ti fọ púpọ̀ nínú ọrá rẹ̀.

Ilẹ̀ Ìwó tó wà ní Oǹdó àti èyí tó wà lápá Ògbómọ̀ṣọ́ lè jọra nínú kòtò, iṣẹ́ wọn ò jọra. Kòkó ń fẹ́ bíi 1,250 mílímítà òjò lọ́dún ó kéré tán, pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀rùn tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ. Oǹdó ní èyí dáadáa. Ìbàdàn wà ní bèbè. Bí ẹ bá ti ń rí igi ẹ̀mí àti igi igbá lójú ọ̀nà, ọ̀dàn lẹ ti wọ̀ yẹn. Kajú àti mángòrò ni kí ẹ ronú kàn, ohun yòówù kí ejẹ́ǹtì sọ nípa kòkó.

Àwọ̀ dúdú sì ń tan èèyàn. Ní ilẹ̀ Olómìnira Benin, orí òkè Kétu àti Pobẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ pupa jíjìn tó rọrùn láti ro. Láàrin méjèèjì, ní àfonífojì àwọn Ọ̀họ̀rí, amọ̀ dúdú ló wà. Ọrá wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ju ti pupa lọ. Ṣùgbọ́n nígbà òjò ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà, ọkọ̀ ò lè kọjá. Nígbà ọyẹ́ ó ń sán débi pé ọwọ́ lè wọ inú rẹ̀. Ọkọ́ tí kò bá bá a nígbà tó ṣe rẹ́gí, láàrin tútù àti gbígbẹ, kò ní lè ṣe nǹkan kan. Alágbàṣe á sì bu owó lé e.

Kí ẹ tó sanwó

Ìwé ilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ lọ́yà àti sọ̀fíyọ̀. Ti erùpẹ̀: kòtò mẹ́ta, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàrin, ọ̀kan nísàlẹ̀. Kí ẹni tó ń bá yín gbẹ́ ẹ jẹ́ ará abúlé tí kò ní nǹkan án gbà nínú ọjà náà, kí ẹ sì bi í ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀ kẹ́yìn àti bó ṣe so. Bí ẹ bá wà ní London tàbí Houston, ẹ ní kí wọ́n ya fídíò kòtò náà pẹ̀lú rúlà nínú rẹ̀, kì í ṣe fídíò igbó nìkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ bu erùpẹ̀ láti ojú ilẹ̀ dé 15 sẹ̀ǹtímítà ní ibi bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ rìn ín wọ́gọwọ̀gọ, ẹ pò wọ́n pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke tó mọ́, kí ẹ mú bíi kílò kan nínú rẹ̀. Òkè lọ́tọ̀, ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, àkùrọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ sá a sínú ilé, kì í ṣe sínú oòrùn, ẹ kọ orúkọ sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e lọ sí láàbù Moor Plantation tàbí ti yunifásítì tó bá sún mọ́ yín. Tó bá jẹ́ kòkó lẹ fẹ́ gbìn, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ní Ìdí-Ayùnrẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi.